Ìyá Bo-gyeong, Atọ́nà Èèrà Yeouido

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yeouido, àdúgbò olówó ní Seoul, tí kò ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi ṣetí mi, èyí tí kò sì ṣetí mi, mo mọ bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ gbà á bí mo ṣe sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, níwájú iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò, àgbà méjì gbé pátákó dání, wọ́n sì jìnnà síra wọn bí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Atẹ́gùn odò Han ń fẹ́ débi pé, lójú tèmi, pátákó ló gbé àgbà dání.

Ọkùnrin tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni Ma Deok-su, tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó mọ ohun gbogbo, tó sì tún mọ ìyókù. Obìnrin tó wà lọ́wọ́ òsì ni Ìyá Bo-gyeong, tó ń tún aṣọ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ọjà Mangwon. Òun kò mọ nǹkan kan, kì í sì í fi bò. Èèrà ni àwọn méjèèjì, nítorí orúkọ tí a ń pe àwọn mẹ̀kúnnù tó ń fi owó ara wọn ra ìpín nìyẹn. Tíṣà ra Àpò Ìlọ́po: bí ọjà bá gbẹ́sẹ̀ kan sókè, àpò náà á gbé méjì, bó bá já, á já lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Bo-gyeong ra Àpò Ìdàkejì, èyí tó ń gòkè lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ọjà bá ń já. Ìjọba wá fẹ́ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ra èyíkéyìí nínú méjèèjì mọ́, àfi kó kọ́kọ́ jókòó kẹ́kọ̀ọ́, kó ṣe ìdánwò, kó sì yege. Ìgbìmọ̀ ń jíròrò rẹ̀ lórí òkè ilé náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an.

Ohun tó ń jẹ Tíṣà lọ́kàn kì í ṣe ìdánwò tirẹ̀. Ti Ìyá Bo-gyeong ni. Gbogbo ọgbọ́n tí Tíṣà fi ń ṣe ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ orí fóònù wọn kò ju ọ̀kan lọ: ohun tí obìnrin yìí bá rà, a tà á, ohun tó bá tà, a rà á. Kò tíì já a kulẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ní kó ṣèdánwò, yóò fìdí rẹmi. Bó bá fìdí rẹmi, kò ní lè rà. Bí kò bá sì lè rà, Tíṣà di afọ́jú tí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Bo-gyeong kò mọ èyí. Òun rò pé òmìnira lòun wá jà fún.

"Ẹ má wò mí," ni Tíṣà wí. Iwájú ló kọjú sí, bí ẹni ń bá òpó iná sọ̀rọ̀. "A ò mọra."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ sanwó bọ́ọ̀sì mi."

"Èèyàn lè sanwó bọ́ọ̀sì ẹni tí ò mọ̀. Òfin ni pé ẹnì kan lè dá dúró fẹ̀hónú hàn níbi tó bá wù ú, kò sẹ́ni tó máa bi í. Tẹ́ni méjì bá ti dúró pọ̀, ìpéjọ nìyẹn. A gbọ́dọ̀ ti sọ fún ọlọ́pàá ṣáájú."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wọn?"

Tíṣà ṣàlàyé fún òpó iná pé ètò òun ga ju ti ọlọ́pàá lọ. Ẹgbẹ́ wọn tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Kí olúkúlùkù wá dá dúró, kó jìnnà sí ẹnì kejì, kó má mọ̀ ọ́n rí, kí ìlà náà gùn láti ẹnu ọ̀nà yìí dé Incheon létí òkun. Ó ti fi máàpù wọ̀n ọ́n. Àwọn tó bá wà lẹ́yìn pátápátá á kàn dúró sínú òkun díẹ̀ ni.

"Àwọn dà?"

"Wọ́n fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́."

"Gbogbo wọn?"

"Àfi ẹnì kan tó fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́. Òun ni mo máa bá wí. Ẹ gbé pátákó yín sókè."

Ìyá Bo-gyeong gbé e sókè. Ohun tí wọ́n kọ sí tirẹ̀ ni ÀDÁNÙ MI, Ẹ̀TỌ́ MI. Ti Tíṣà ni Ẹ YÉÉ ṢE WÁ BÍ ỌMỌDÉ. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ti tó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń jáde ní méjì méjì, ní mẹ́ta mẹ́ta, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kankan. Ìyá Bo-gyeong ń tẹrí ba fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń kí wọn ni."

"Ọ̀tá wa mà ni wọ́n."

"Ọ̀tá kì í jẹun ni? Ẹni tó kọjá lẹ́ẹ̀kan yẹn, etí ṣòkòtò rẹ̀ ti ń tú. Mo sọ fún un."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó bi mí pé èló ni mo máa tún un ṣe. Mo ní kó gbé e wá lọ́jọ́ Ajé."

Tíṣà mí kanlẹ̀. Atẹ́gùn ń bá pátákó jà. Nígbà tó yá, Ìyá Bo-gyeong ní ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yé òun látàárọ̀. Tíṣà ń gbàdúrà kí ọjà gòkè, òun ń gbàdúrà kó já. Ó jọ pé Ọlọ́run kan náà làwọn méjèèjì ń dà láàmú. Báwo làwọn ṣe wá wà lẹ́gbẹ́ kan náà?

"Ohun tó kó wa jọ nìyẹn," ni Tíṣà wí. "A fẹ́ kí wọ́n fi wá sílẹ̀ ká máa ta ko ara wa."

"Èmi àti bàbá Bo-gyeong ń ta ko ara wa nílé. A ò gbé pátákó."

"Nítorí ìjọba ò tíì dá sí i ni."

Ó wá bi í, bí ẹni tí kò fẹ́ mọ̀, bóyá ó ṣì di Àpò Ìdàkejì yẹn mú. Obìnrin náà ní òun dì í mú gírígírí. Ó ní ìpín iléeṣẹ́ bátìrì ọkọ̀ lòun kọ́kọ́ rà, nígbà tí wọ́n ní gbogbo ayé ló máa wa ọkọ̀ oníná. Ọ̀sẹ̀ tóun rà á gan-an ni gbogbo ayé rántí pé àwọn lẹ́sẹ̀. Òun ra ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ẹrù bá tán lórí òkun. Òun ra ti ìpara ojú, làwọn obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú tí Ọlọ́run fún wọn. Nígbà tó yá, òun jókòó, òun rò ó: níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ohun gbogbo tóun bá rà ló ń já, kí ló dé tóun ò kúkú ra jíjá fúnra rẹ̀?

"Ọgbọ́n gidi nìyẹn," ni Tíṣà wí.

"Ọjọ́ tí mo rà á ni ọjà hu ìyẹ́. Kò tíì balẹ̀ títí dòní."

"Mo mọ̀," ni Tíṣà wí, ohùn rẹ̀ sì dùn bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó.

Ìyá Bo-gyeong rò pé ebi ló ń pa á. Ó yọ kimbap, ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun wé, tó dì sínú bébà jáde, ó sì nà án sí i. Tíṣà ní òun ò lè gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tóun ò mọ̀. Obìnrin náà bá rìn dé àárín, ó gbé e sílẹ̀ lórí pèpéle, ó padà sáyè rẹ̀. Tíṣà náà rìn lọ, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ṣe háà bí ẹni tó rí nǹkan he, ó mú un, ó sì padà sáyè tirẹ̀. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń wò wọ́n. Kò rí òfin kankan tó de kimbap.

"Ìfẹ́ yín ló jẹ́ kí n wá o, Tíṣà," ni Ìyá Bo-gyeong wí. "Láràárọ̀, kí n tó bọ́ọ̀jú, gbogbo ẹgbẹ́ á ti máa bi mí pé, Ìyá Bo-gyeong, kí lẹ máa rà lónìí? Ọkọ mi ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ọ̀fìnkìn dá mi dúbúlẹ̀, ẹ gbé ògì ìrẹsì tí wọ́n fi ìgbín òkun sè wá fún mi, ìkòkò bàǹtà. Kí ni mo ṣe tẹ́ ẹ fi fẹ́ràn mi tó báyìí?"

"Ẹ̀mí yín ló dáa."

"Ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó. Tí wọ́n bá gbé òfin yìí jáde, kò burú náà. Mi ò ní ṣe ìdánwò kankan. Ojú mi á sinmi. Mi ò kàn ní ra nǹkan kan mọ́."

Kimbap dúró sí Tíṣà lọ́nà ọ̀fun. Ó kọjú sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ látàárọ̀.

"Tẹ́ ò bá rà, kí lèmi máa tà?"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ìyá Bo-gyeong sọ pátákó rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ tún un sọ."

Tíṣà padà sọ́dọ̀ òpó iná rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ fún un. Ó sọ bí àwọn ṣe ṣàkíyèsí rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, bí àwọn ò ṣe gbà á gbọ́, bí wọ́n ṣe dán an wò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi di pé kò sẹ́ni tó ń ka ìròyìn ọjà mọ́ nínú ẹgbẹ́. Ọ̀dọ̀ Ìyá Bo-gyeong ni wọ́n ń wò.

"Gbogbo ẹgbẹ̀rún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Pátápátá."

"Ògì ìrẹsì yẹn ńkọ́?"

"A dáwó ni. Ẹ ò ra nǹkan kan látìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọ̀nà ti dí mọ́ wa. Ẹnì kan sunkún."

Obìnrin náà rò ó. "Bátìrì yẹn, ẹ̀yin náà tà á?"

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á gan-an."

"Ẹ rí jẹ níbẹ̀?"

Òótọ́ kì í ṣàìjáde lẹ́nu ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Tíṣà ya ẹnu rẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ ọ. "Àwọn eyín tó wà lápá ọ̀tún yìí, owó bátìrì ni mo fi ṣe é. Ti apá òsì, ti ìpara ojú ni."

"Ẹ wá ń fi wọ́n jẹ kimbap mi."

"Ó dùn, ẹ ṣeun."

Ìyá Bo-gyeong yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Tíṣà rí i pé ọ̀rọ̀ ń bàjẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú. Ó ní obìnrin náà ò mọ iyì ara rẹ̀. Òun fi kọ́ńpáàsì kọ́ ọmọ láti ìgbà èwe òun, irin tó bá sún mọ́ ọn á sì yí i lórí. Ìyá Bo-gyeong ò yí lórí rí. Kò sí ọ̀mọ̀wé kan ní Seoul tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀ pé gbogbo ohun tóun sọ ló ń rí bákan náà.

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí, ara rẹ̀ sì ti ń balẹ̀ díẹ̀. "Ṣé ohun tí mo bá dúró tì ló máa ń ṣubú?"

"Láìyẹ̀."

"Kí ni mo wá dúró tì níbí látàárọ̀?"

Tíṣà wo pátákó obìnrin náà, ó wo ojú fèrèsé òkè níbi tí ìgbìmọ̀ wà, ó sì gbé pátákó tirẹ̀ ti òpó iná bí ẹni gbé ẹrù òkú sílẹ̀.

"Ìyá Bo-gyeong, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."

"Mi ò lọ. Mo gbà á gbọ́."

"Ẹ má gbà á gbọ́ mọ́."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ ní àdánù mi, ẹ̀tọ́ mi."

Tíṣà ní kó yí pátákó náà padà, kó dúró ti ìjọba, kó ní òfin náà dáa. Ìyá Bo-gyeong yí i padà lójú ẹsẹ̀, torí kì í bá àgbà jiyàn.

"Ṣé ó dénú yín?"

"Rárá o. Ẹ ní kí n ṣe é ni."

"Kò ní ṣiṣẹ́ nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ bá rà nítorí pé wọ́n ní kẹ́ ẹ rà á, ó máa ń gòkè nígbà míì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó dá yín lójú."

"Ẹ wá jẹ́ kó dá mi lójú."

Kò sí bí èèyàn ṣe lè yí ọkàn ẹlòmíì padà láti ọ̀nà jíjìn. Tíṣà wo ọlọ́pàá, ó gbé ara rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ó sì sọdá. Báyìí ni wọ́n di ìpéjọ. Ọlọ́pàá dìde, ó wá bi wọ́n bóyá ohun kan ló pa wọ́n pọ̀. Tíṣà ní rárá, ìjà làwọn ń jà; òun lòdì sí òfin, obìnrin yìí fara mọ́ ọn. Ọlọ́pàá rò ó wò, ó ní kò sóhun tó burú nínú ìjà, ó sì padà lọ jókòó.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni Tíṣà wí. Ó ti gbé ohùn kíláàsì wọ̀. "Ọjà lè já lọ́jọ́ Ajé, kó gòkè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Àpò tẹ́ ẹ rà yẹn ò ní lè padà síbẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: ẹ gé ìdá kan nínú márùn-ún ṣòkòtò. Oníbàárà ní kẹ́ ẹ dá a padà. Ẹ wá lẹ ìdá kan nínú márùn-ún mọ́ ọn, àmọ́ inú èyí tó ṣẹ́ kù lẹ ti wọ̀n ọ́n."

"Kò ní dé ọrùn ẹsẹ̀ mọ́."

"Ẹ tún gé e lọ́jọ́ Rú. Ẹ tún lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Bọ̀."

"Á ti dé orúnkún."

"Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí oṣù á fi parí."

"Ẹni ẹlẹ́ni á máa rìn níhòòhò lójú títì." Ojú Ìyá Bo-gyeong ti yí padà. "Ṣé ohun tí mo rà nìyẹn?"

"Ohun tẹ́ ẹ rà nìyẹn."

"Èyí tẹ́yin náà rà ńkọ́?"

"Ṣòkòtò kan náà ni," ni Tíṣà wí, kò sì dúró gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, nítorí ọ̀rọ̀ ti gbóná lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹja olóró tí à ń jẹ, ṣé ẹnikẹ́ni ló ń sè é? Ẹni tó máa gbé ọ̀bẹ sí i gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí; Ìyá Bo-gyeong lè jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ò kọ́ṣẹ́ ni? Obìnrin náà ní kí ojú òun má rí i. Tíṣà ní wọn kì í jẹ́ kéèyàn wa mọ́tò láìkọ́ ọ, kí ló wá dé tí wọ́n á jẹ́ kó fi owó ọjọ́ ogbó sínú ohun tó ń sáré lẹ́ẹ̀mejì ju mọ́tò lọ? Ìfẹ́ ni òfin yìí. Bàbá tó bá fẹ́ràn ọmọ ló ń fi ọgbà yí kànga ká.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì gbọ́ ẹni tó gbèjà ìjọba báyẹn rí láyé mi, ìjọba gan-an ò gbọ́ ọ rí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ láti ibi oúnjẹ dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan ní kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nínú ilé. Tíṣà tẹrí ba fún un, ó bi í bóyá ó ti jẹun.

Nígbà tó mójú padà, omi ti ń bọ́ lójú Ìyá Bo-gyeong.

"Tíṣà, ó ti dénú mi."

"Dénú dénú?"

"Kò tíì sí ohun tó dá mi lójú tó báyìí rí." Ó yọ ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ nínú àpò rẹ̀, ó kọ Ẹ KỌ́ WA sẹ́yìn pátákó, ó sì gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Tíṣà padà sáyè rẹ̀, ó ń fò fẹ̀rẹ̀. Lójú tirẹ̀, òfin náà ti kú, a kàn ò tíì sin ín ni.

Oòrùn ti yí nígbà tí fóònù Tíṣà dún. Ìgbìmọ̀ ti tú ká. Wọ́n ti da òfin náà nù. Tíṣà kà á, ó tún un kà, ó rìn bọ̀, ó sì tẹrí ba fún Ìyá Bo-gyeong débi pé iwájú orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ kan pátákó.

"Agbára yín pọ̀," ló wí. "Kò sẹ́ni tó máa dí yín lọ́wọ́ mọ́. Ó ku díẹ̀ kí ọjà tó ti. Kí lẹ máa rà?"

"Mi ò ra nǹkan kan."

"Òfin ti kú, mo ní."

"Òfin ló kú. Ṣòkòtò ò kú." Ìyá Bo-gyeong ń ki pátákó rẹ̀ bọ abíyá. "Ẹ ti là mí lójú. Mi ò rà á mọ́ láyé mi. Nígbà tẹ́ ẹ ń tẹrí ba fún àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ni mo ti ta Ìdàkejì, gbogbo rẹ̀."

Bí obìnrin yìí bá ti ta jíjá, jíjá ń bọ̀ nìyẹn. Tíṣà fa fóònù yọ, ó ta Àpò Ìlọ́po rẹ̀ tán, ó sì kó gbogbo owó ibẹ̀ ra Ìdàkejì, ó ń tẹ ibi tí kò yẹ, ó ń padà sẹ́yìn, ó tún ń tẹ̀. Ìyá Bo-gyeong dúró tì í, ó ń yọjú wò.

"Ṣé èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tà lẹ̀ ń rà yẹn?"

"Òun gan-an."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣòkòtò tó ń kúrú ni?"

"Ẹ̀yin lẹ tà á. Ohun tẹ́ ẹ bá tà, gígòkè ló máa gòkè."

"Ìyẹn nígbà tí mi ò mọ nǹkan kan, Tíṣà. Ẹ ti kọ́ mi báyìí."

Tíṣà dúró, fóònù lọ́wọ́. Ó wo obìnrin náà bí ẹni tó wo kọ́ńpáàsì tó rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Bo-gyeong," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ gbàgbé ohun tí mo kọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn. Ta ni wọ́n máa máa wò báyìí?"

"Ẹ má dààmú, wọ́n ti rí ẹni tuntun wò," ni Ìyá Bo-gyeong wí, ó sì na fóònù tirẹ̀ sí i kó kà á. "Mo ti kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé Tíṣà ti kó gbogbo owó rẹ̀ sí Ìdàkejì. Gbogbo wọn ti sáré tà á."